Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Di Funfun Nínú Ààrò

Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi, mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ ààrò mọ́ ọn. Ó ku ọdún mélòó kan kí ìlú wa gba òmìnira nígbà náà. Ṣómólú là ń gbé, nínú ilé kan tó ní yàrá mẹ́jọ, tí èèyàn bá sì rìn díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ti dé Bàrígà, níbi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ń gbé létí ọ̀sà. Ọkọ mi ń bá wọn tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Àárọ̀ ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá ọkọ mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku. Ó ti gbé Gòólù Kóòsì fún ọdún púpọ̀, ó ń ta aṣọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àfọ́kù ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó padà wálé, kò ta aṣọ mọ́. Ó mọ ààrò amọ̀ kan sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó fi páànù ṣe òrùlé lé e, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. A ó fọ ìgò mọ́, a ó gún un nínú odó irin títí yóò fi kúnná bí èlùbọ́, a ó sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi ní àwo amọ̀ pẹlẹbẹ tó gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí lára. A ó fi ẹfun ra inú ihò náà kí dígí má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, a ó ki ọ̀pá ewé gbágùúdá tín-ín-rín bọ àárín ihò kọ̀ọ̀kan, a ó wá da dígí lúbúlúbú yí i ká. Bí iná bá mú un, ọ̀pá ewé á jóná, ojú ihò ìlẹ̀kẹ̀ á wà níbẹ̀, dígí á sì so pọ̀. Kò sí agogo nídìí iṣẹ́ yìí. Tí inú ààrò bá ti pọ́n bí epo pupa, ìyá ọkọ mi á ní kí n máa gún ẹ̀kún igbá dígí kan. Bí mo bá gún un tán, àwo yẹn gbọ́dọ̀ jáde.

“Ìyàwó,” ló máa ń sọ fún mi, “ojú ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Má gbójú kúrò lára iná.”

Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni, kì í sì í yin èèyàn. Ọdún kejì tí mo dé ilé rẹ̀ rèé, mi ò tíì mọ̀ bóyá ó fẹ́ràn mi tàbí ó kàn ń fara dà mí.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan ní Bàrígà wá bá wa. Ará Ìlàjẹ ni. A mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí ọwọ́ rẹ̀ la ti ń ra ẹja. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀, ó ṣí aṣọ tó fi bò ó, àfọ́kù ìgò ló wà nínú rẹ̀. Ìgò rọ̀gbọ̀dọ̀ ni ìgò náà kó tó fọ́, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń kó ọtí wá láyé ijọ́un, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí omi òkun lọ́sàn-án.

“Omi mímu ni ọkọ mi fi ń gbé lọ sójú omi,” ló wí. “Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ó ti kú, ìgò yìí sì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi. Ìjì tó jà lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé pákó lù ú.”

Ìyá ọkọ mi mú àfọ́kù kan, ó gbé e sókè sójú oòrùn. “Kí lẹ fẹ́ ká fi ṣe?”

“Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí fún un. Àgbà ń lọ sílé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan láti ara ìgò bàbá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgò mìíràn lú u.”

“A ò ní fi ìgò mìíràn lú u,” ni ìyá ọkọ mi dáhùn.

Èmi ni mo gún dígí náà, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gún un. Bí a ṣe fẹ́ dáná ni ìwé dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi ń ṣàìsàn. Ó di ẹrù rẹ̀. Kó tó jáde, ó dúró nídìí ààrò, ó wo èmi, ó wo àwọn àwo amọ̀ tí mo ti rọ dígí sí.

“O lè dá a ṣe,” ló wí.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.” Orí mi wú. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́, mo dáná. Mo to gbogbo àwo sínú ààrò, mo dúró títí ó fi pọ́n bó ṣe yẹ, mo sì gbé odó irin wá síwájú mi. Mi ò tíì gún igbá náà dé ìdajì tí mo fi gbọ́ igbe láti yàrá kejì sí tiwa. Obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ lóyún, ọkọ rẹ̀ awakọ̀ ti gbé ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ó ń rọbí, oyún náà kò sì tíì pé oṣù. Ó di apá mi mú, ó ní, “Ẹ gbà mí o, ẹ má fi mí sílẹ̀.”

Ta ni í wo ìlẹ̀kẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Mo pariwo pe ọlọ́mọlánkẹ́ tó ń gbé igi kọjá lójú títì. Ó da igi rẹ̀ sílẹ̀, a tẹ́ ẹní sínú ọmọlánkẹ́, a gbé obìnrin náà sí i, a sì ń tì í lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kan lápá Ọbaníkòró. Bí a ti ń lọ, mo rántí ààrò. Mo rò ó pé, bí kò bá sí ẹni tó koná mọ́ ọn, iná á kú fúnra rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà á sì wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyẹn fi ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo dúró ti obìnrin náà títí ó fi bí ọmọbìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sọ fún mi pé àtìyá àtọmọ ló wà láyọ̀, oòrùn ti ń wọ̀.

Mo délé, mo bá iná tó ṣì wà nínú ààrò. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́súrẹ́sú, bí ojú ẹni tí kò sùn. Bàbá télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú jókòó sídìí rẹ̀ lórí àpótí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

“Ẹ kú àdúrótì o!” ló kí mi. “Aláboyún ńkọ́?”

“Ó ti bí, bàbá. Obìnrin ni.”

“Alhamdulillahi. Àwa náà ò sùn o. Mo rí i pé iná yín fẹ́ kú, mo mọ̀ pé iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti jáde ni mo ti ń fi èédú sí i díẹ̀díẹ̀. N kò jẹ́ kó kú, n kò sì jẹ́ kó jó jù.”

Ó rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn sí ohun tó ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́.” Ó lọ kí ìrun, mo sì mú ẹ̀mú, mo fa àwo àkọ́kọ́ jáde.

Mi ò ní gbàgbé ohun tí mo rí. Ìlẹ̀kẹ̀ tó yẹ kó mọ́ gaara bí omi ti di funfun báláú. Kò tàn, kò dán, èèyàn ò lè rí òdìkejì rẹ̀ mọ́. Ó dà bí ẹyin aláǹgbá. Mo fa àwo kejì, ìkẹta, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Mo rọra fi eérú bò wọ́n kí wọ́n lè tutù, mo wọlé, mo sì jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ròyìn fún un. Ó ní, “Ẹ̀mí èèyàn méjì lo gbà là lónìí,” òótọ́ ló sì sọ, àmọ́ òótọ́ náà kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Ilẹ̀ mọ́, èrò burúkú kan wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ obìnrin kan ní Fádèyí tó ń ta òfìfo ìgò. Mo mọ̀ pé ìgò oògùn inú kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ jọ òkun. Bí mo bá gún un, ta ni yóò mọ̀? Mo lọ. Mo ra ìgò mẹ́fà. Mo fọ wọ́n, mo fọ́ wọn sínú odó, mo sì gbé ọmọ odó sókè. Ibi tí mo ti gbé e sókè yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

“Ọma mi, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ìyá ẹlẹ́ja ni. Bí àwọn ará Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ ló máa ń pè mí, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó gbé ẹja díẹ̀ wá fún mi, ó ní òun kàn ní kí òun yà wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ojú rẹ̀ bọ́ sínú odó. Ó wo àfọ́kù tó wà níbẹ̀, ó tún wò mí.

Irọ́ kò jáde lẹ́nu mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ìgò bàbá àwọn ọmọ kọ́ nìyí. Mo ti ba tiwọn jẹ́.” Mo wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ obìnrin tó rọbí, ọ̀rọ̀ iná, àti èyí tí mo fẹ́ ṣe. Mo gbé abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ funfun náà fún un.

Ó jókòó sórí àpótí. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ sọ́wọ́, ó ń yí wọn.

“Ṣé ìgò rẹ̀ náà ló wà nínú èyí? Kò sí òmíràn níbẹ̀?”

“Kò sí òmíràn, Ìyá.”

“Ó dáa. Da èyí tó wà nínú odó yẹn nù.” Ó dìde. “Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Ọ̀túnla ni wọ́n ń bọ̀.”

“Máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí tí wọ́n á fi dé.” Kò bú mi. Ó fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó sì lọ. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi dé lọ́jọ́ tó dá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbádùn. Mi ò jẹ́ kó jókòó kí n tó kúnlẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó bọ́ bàtà, ó sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan, ó fi eyín gé e wò. Ó sọ ọ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì, ìlẹ̀kẹ̀ náà ta, ó yí lọ, kò fọ́. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé kan tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀, ó sọ ìyẹn náà. Ó là sí méjì.

Ó ní kí n fọn iná. Ó fi ẹ̀mú mú ìlẹ̀kẹ̀ méjì, funfun kan, aláwọ̀ ewé mìíràn kan, ó fi wọ́n sínú iná títí wọ́n fi gbóná gan-an, ó sì jù wọ́n sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Aláwọ̀ ewé fọ́ yángá. Ó fọwọ́ wá inú omi, ó mú èyí funfun jáde. Odindi ni.

Nígbà náà ni ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Kò bàjẹ́, ìyàwó. Ó dì ni. Ní Gòólù Kóòsì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi èyí hàn mí lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o rí epo pupa nígbà ọyẹ́? Tó bá wà ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú òtútù, á di hóró wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni dígí. Tí ooru tí kò mú jù bá pẹ́ lára rẹ̀, hóró á gbà á nínú, kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá mọ́. Hóró yẹn náà ni kò jẹ́ kó tètè fọ́.”

Mo bi í pé, “Ṣé ó lè padà bọ̀ sípò, Màámi?”

“Kí lo máa ń ṣe fún epo tó dì?”

“Mo máa ń gbé e kaná.”

“Ká wá iná tó ju ti ọjọ́sí lọ.”

Ààrò tiwa kò lè mú iná tó bẹ́ẹ̀. A lọ bá ọkùnrin kan ní Ṣómólú tó ń rọ idẹ, tó ní ẹwìrì ńlá àti ìkòkò amọ̀ tó fi ń yọ́ idẹ. Ìyá ẹlẹ́ja bá wa lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Ẹ má yọ́ gbogbo rẹ̀ o. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀, nítorí bí èyí kò bá yọrí sí rere, ìyẹn á ṣì kù.” Ìyá ọkọ mi kà á sí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Alágbẹ̀dẹ fẹ́ ẹwìrì. Iná kọjá àwọ̀ epo, ó kọjá àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun débi tí a fi ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún ìgbà pípẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ inú ìkòkò kàn jókòó síbẹ̀ bí òkúta. Lẹ́yìn náà ni etí wọn rọ̀, wọ́n wọnú ara wọn, wọ́n sì di ohun kan tó ń ṣàn bí oyin. Ìyá ọkọ mi ní kí ó má tíì dá ẹwìrì dúró, ó ní bí hóró kan péré bá kù nínú rẹ̀, yóò tún fa àwọn yòókù wá. Ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ó wá kígbe pé, “Dà á sómi!”

Ọkùnrin náà da dígí yíyọ́ sínú bàsíà omi. Ó hó, ó ta, ooru bo gbogbo wa lójú. Nígbà tí ooru náà ká kúrò, ìyá ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ sínú bàsíà, ó kó àfọ́kù wẹ́wẹ́ jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọ̀ omi òkun ni. Ó mọ́ gaara, àní ìlà ọwọ́ rẹ̀ là ń rí láti inú rẹ̀.

Ó kàn ń mi orí. Èmi jókòó sórí ilẹ̀ nínú eérú, mo bú sẹ́kún, ìyá ọkọ mi sì gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó fi síbẹ̀ títí mo fi ṣe tán.

Mo bi í lójú ọ̀nà pé kí ló dé tó fi jẹ́ inú omi la dà á sí. Ó ní bí a bá fi í sílẹ̀ kó máa tutù díẹ̀díẹ̀, yóò tún gba ibi ooru tó bà á jẹ́ kọjá, hóró á tún ráyè. Nínú omi, kò ráyè kankan.

Mo gún dígí náà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ tí a tún dáná, èmi àti ìyá ọkọ mi jọ jókòó sídìí ààrò, bàbá télọ̀ náà sì gbé àpótí rẹ̀ wá, àmọ́ ó ka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ itan, kò fọwọ́ kan èédú. Bí mo ti gún ẹ̀kún igbá mi tán, a fa àwọn àwo jáde, a sì rì wọ́n sínú eérú gbígbóná kí wọ́n lè rọra tutù, nítorí tí wọ́n bá ti so pọ̀ tán, atẹ́gùn òjijì lè là wọ́n. Ilẹ̀ mọ́, mo tú eérú. Ìlẹ̀kẹ̀ tó mọ́ ni, tó tutù lọ́wọ́, tó ní àwọ̀ òkun.

Ìdá tí a fi sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, díẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò alágbẹ̀dẹ, nítorí náà ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn méjì ló jáde. A ti ń ronú bí a ó ṣe sọ fún ìyá ẹlẹ́ja nígbà tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Èyí àbíkẹ́yìn, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá, kò wo ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò. Abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ funfun ló lọ bá.

“Èyí ni mo fẹ́,” ló wí.

Ìyá rẹ̀ ní, “Ṣé kì í ṣe pé o kàn ń sọ bẹ́ẹ̀?”

“Rárá o. Màámi, gbogbo nǹkan ni mo máa ń fọ́. Wọ́n ní èyí kì í fọ́.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan ìyá ọkọ mi. Mo sín in fún un lójú ẹsẹ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí, a bẹ̀rẹ̀ sí í dìídì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Kò rọrùn bí a ti rò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú, a fún un ní iná tó le lójijì, hóró rẹ̀ tóbi, ó rí háráhárá, ó sì ń rún lọ́wọ́. A bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ìgbà tí a rántí bí bàbá télọ̀ ṣe koná ló tó dáa: iná pupa rẹ́súrẹ́sú fún wákàtí púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí hóró lè pọ̀ kí ó sì kéré, lẹ́yìn náà ni a ó wá fi èédú kún un díẹ̀ kí hóró náà lè dàgbà. Èyí tó bá jáde báyìí a máa dán mọ́ra bí ẹyin ẹyẹlé, a sì máa le bí òkúta odò. Àwọn apẹja ní Bàrígà rà á so mọ́ ẹnu àwọ̀n, àwọn ìyàwó wọn rà á sọ́rùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ mi tó kàwé sọ fún mi pé àwọn òyìnbó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan yìí, wọ́n fi ń ṣe abọ́ tí èèyàn lè gbé láti inú òtútù lọ sórí iná. Mo ní ó dáa, mo bi í bóyá àwọn náà ní bàbá télọ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ìyá ẹlẹ́ja wá gba ìlẹ̀kẹ̀ wọn, bí wọ́n ti lọ tán, ìyá ọkọ mi wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

“Ìyàwó,” ló wí, “dígí wà nílẹ̀ tó tó àwo márùn-ún. Bí o bá fẹ́ dáná, o lè dá a.”

Ó lọ. Mo bu èédú.